Èsì: «eyín àtọwọ́dá» àti «ẹnu gbígbẹ» nínú ìwé olùtọ́jú àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ń ṣe ìwé ìlànà fáwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lo «eyín àtọwọ́dá» fún «denture» àti «ẹnu gbígbẹ» fún «dry mouth». Mi ò fara mọ́ méjèèjì. Ní 2019, CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé 47% ilé tí wọ́n bẹ̀ wò ni kò kọ́ òṣìṣẹ́ rárá nípa ìtọ́jú ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yìí lè jẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíì máa rí gbà.

«Eyín àtọwọ́dá» gbòòrò jù: eyín tí dókítà rì mọ́ egungun àgbọ̀n, àtọwọ́dá lòun náà, kò sì ṣeé fọwọ́ yọ. Èyí tó ń yọ ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀: ká yọ ọ́ lálẹ́, ká fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lórí abọ́ omi, kó má baà fọ́ bó bá já bọ́. Omi gbígbóná ń lọ́ ọ. Ọṣẹ ìfọyín ń ha á, ojú ibi tó ha yẹn sì ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Bí àgbà bá ń fi sùn, òkè ẹnu á pọ́n, ewu òtútù àyà á sì pọ̀ sí i. «Eyín àyọsùn» ni kí ẹ pè é. Orúkọ náà ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

«Ẹnu gbígbẹ» ló léwu jù. Òùngbẹ ni Yorùbá máa gbọ́ níbẹ̀, wọ́n á sì gbé omi ọsàn tàbí tíì oníṣúgà wá. Oògùn ló sábà ń fa ẹnu gbígbẹ yìí: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ti àwọn tí kò lè mú ìtọ̀ dúró. Itọ́ ló ń ṣan ásíìdì kúrò lára eyín. Bí kò bá sí, ṣúgà á ba gbòǹgbò eyín tí èrìgì ti sún kúrò lára rẹ̀ jẹ́. «Ọ̀dá itọ́» ni mo dábàá, bí ọ̀dá owó. Omi lásán ni kí wọ́n máa fún àgbà náà, díẹ̀díẹ̀. Kó fi ọṣẹ ìfọyín tí fluoride rẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) jẹ́ 1,350 sí 1,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan) fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kó tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kó má fomi yọnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì ohùn. Itọ́ ni ti ẹnu, ìtọ̀ ni ti ilé ìtọ̀. Bí ẹ bá kọ «ito ti din ku», kíndìnrín ni wọ́n máa lọ yẹ̀ wò.

—

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun. Mo gba «ọ̀dá itọ́». «Àyọsùn» ṣì ku ibì kan: èyí tó kéré, tí irin rẹ̀ há mọ́ eyín gidi tó ṣẹ́kù. Olùtọ́jú á yọ ọ́, á fọ̀ ọ́ dáadáa, á wá gbàgbé eyín gidi yẹn, níbi tí ìdọ̀tí ń kó sí jù lábẹ́ irin. Ṣé a lè ya «àyọsùn odindi» sọ́tọ̀ kúrò lára «àyọsùn aláàbọ̀»?