Kí ni kí n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá yìí ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mò ń bójú tó omi ìdọ̀tí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wàrà. Omi fúnra rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu mọ́, èyí tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sínú omi náà ń gbé wá sójú rẹ̀, tí a ń bù kúrò, funfun, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Nínú 100 kílò rẹ̀, bíi 5 péré ni kì í ṣe omi. Omi la kúkú ń sanwó ọkọ̀ fún! Tó bá sì sùn nínú táǹkì, òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

A gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ fún omi rẹ̀ dànù, ọ̀rá dí ojú asẹ́ pa.

Àgbẹ̀ kan ní kí n gbé e wá sóko òun. Ẹ̀rù sódà tí a fi ń fọ páìpù ló ń bà mí, kí iyọ̀ rẹ̀ má lọ ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíì ní kí n fi ṣe gáàsì ìdáná. Lóòótọ́, ọ̀rá máa ń mú gáàsì wá gan-an, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣe gáàsì náà á dẹnu kọlẹ̀.

Ta ló ti pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kó fi di ajílẹ̀? Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.