Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ máa fi wọn agbára sólà fúnra wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ́ JSS 3 ní sáyẹ́ǹsì. À ń jíròrò ohun tó lè rọ́pò jẹnẹrétọ̀: sólà, omi bíi ti Kainji lórí odò Ọya, àti gáàsì látinú èèpo ẹ̀gẹ́ tó jẹrà. Òfin wa ni pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó, ẹ̀rí yẹn ni kó yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tó mú un wá.

Sólà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí oòrùn bá ṣe gbóná tó ni iná á ṣe pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná. Tó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Mi ò fẹ́ kàn sọ ọ́ fún wọn, torí wọ́n á kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni. Páńẹ́ẹ̀lì kékeré kan àti mítà kan la ní. Ṣé ká fi aṣọ tútù tu ẹ̀yìn rẹ̀ lára, ká wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì? Báwo ni gbogbo kíláàsì ṣe máa rí i? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.