Ẹsẹ̀ kejì tó ń sá fún bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ilé o. Ọ̀tún ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré, wíńgì ọ̀tún náà ni wọ́n sì máa ń fi mí sí. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí òsì mi, màá kọ́kọ́ fà á padà sí ọ̀tún, kí n tó fà á tán dìfẹ́ńdà ti dé. Àwọn tá a jọ ń gbá móńkì pósìtì ti mọ̀ mí, ọ̀tún mi ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á ṣí òsì sílẹ̀ fún mi gbayawu, torí wọ́n mọ̀ pé mi ò ní gba ibẹ̀.

Kóòṣì wa kan ló bá mi tún un ṣe. Kò tiẹ̀ fún mi ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró, kí n gbé òsì sókè, kí n má mì. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹsẹ̀ tí mo ń pè ní alágbára ń gbọ̀n! Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi òsì gbá bọ́ọ̀lù, orí ọ̀tún ni gbogbo ara ẹ̀ máa dúró lé, ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi sì rèé, gbígbá nìkan ló mọ̀, ìdúró ò mọ́ ọn lára. Ìgbà tí ìdúró dáa tán la tó lọ sídìí ògiri, inú ẹsẹ̀ nìkan, jẹ́jẹ́, kí ọrùn ẹsẹ̀ le, kí ẹsẹ̀ tí mo fi dúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, kó kọjú síbi tí mo fẹ́ gbá a sí. Tó bá fi lè wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, òkè ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Nígbà tó yá, tá a bá ń gbá sẹ́ẹ̀tì, góòlù tí mo bá fi ọ̀tún gbá wọlé, wọn ò ní kà á. Ìyẹn ló là mí lójú jù.

Ẹ wo ọmọ wa Ademola Lookman tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ní Dublin lọ́dún 2024, fáínà Europa League, Atalanta 3, Leverkusen 0, òun nìkan ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ọ̀tún ló fi yí ìkejì wọlé, ìkẹta, òsì ló fi fọ́n ọn sókè àwọ̀n. Dìfẹ́ńdà wo ló fẹ́ mọ ibi tó máa gbà? Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Èmi o, inú gém ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé mi. Gém bọ́ọ̀lù FIFA, tó ti ń jẹ́ EA Sports FC báyìí, máa ń fún ẹsẹ̀ kejì ní ìràwọ̀, látorí ọ̀kan dé márùn-ún, ó tán. Ṣùgbọ́n PES, gém bọ́ọ̀lù míì tá à ń gbá nílé gém àdúgbò wa, méjì ló pín in sí: bí ẹni yẹn ṣe ń lo ẹsẹ̀ náà tó, àti bó ṣe ń gbá a gún tó. Ti PES yìí jọ ayé gidi jù lójú mi. Mo mọ àwọn tí òsì wọn dáa ní tréníìn, bó bá di ojú máàṣì, wọn ò ní lò ó láé, ẹ̀rù ni.

Son Heung-Min, ọmọ Kòríà yẹn, ni mo máa ń tọ́ka sí. Ọlọ́tún ni, bàbá ẹ̀ tóun náà gbá bọ́ọ̀lù rí ló kọ́ ọ látìgbà tó wà lọ́mọdé. Ní 2021-22, góòlù 23 ló gbá ní Premier League, kò sí pẹnáritì kankan níbẹ̀, òsì 12, ọ̀tún 11. Ẹ ò rí i pé òsì tiẹ̀ fi ọ̀kan jù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi agbára gbá a níbẹ̀rẹ̀ o, abẹ́ itan máa ń dunni gan-an.

———

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin mi, òsì ló ń lò. Ìyá àgbà ilé wa ní ká gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní bọ́ọ̀lù kọ́ nìyẹn, àwọn kóòṣì ń wá ẹlẹ́sẹ̀ òsì lójú méjèèjì. Mi ò fẹ́ kó fi òsì sílẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ọ̀tún náà wúlò. Ousmane Dembélé, ọmọ Faransé tó gba Ballon d'Or 2025, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lágbàáyé, wọ́n bi í rí pé ẹsẹ̀ wo ni tiẹ̀, ó ní òsì, àmọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá pẹnáritì torí ó ń fi gbá a dáa jù. Bó ṣe wù mí kó rí fún ọmọ mi nìyẹn. Ní báyìí ó lè fi ọ̀tún gba bọ́ọ̀lù dúró, páàsì ló ṣì ń wọ́. Bọ̀ọ̀dá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan yẹn, ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ lè máa ṣe é, àbí kó kọ́kọ́ máa gbá a mọ́ ògiri ná?