Òjìji ni, kì í ṣe ibòji

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá láti fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú PowerPoint, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe síláìdì, ojú ìwé tí à ń gbé hàn lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí a ti ń ṣe àpótí tàbí òbírí orí síláìdì lẹ́wà. Wọ́n ní kí á pe "Shape Effects" ní ipa ìrísí, "Shadow" ní ibòji, "Reflection" ní àwòrán ìpadà, "Glow" ní ìtànṣán, "Soft Edges" ní etí rírọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ mi ò lè gba ibòji rárá.

Ẹni tó bá ti dúró ní ọjà Balógun l'Ékòó lọ́sàn-án gangan mọ ibòji dáadáa. Abẹ́ agbòòrùn ìyá aláṣọ ni. Oòrùn ń pa ẹ́, ìyá á ní, "Ọmọ mi, wá síbí, ibòji wà níbí." Ibòji máa ń bo ènìyàn ni, inú rẹ̀ la máa ń wọ̀. Òjìji kì í bo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn olówó rẹ̀ ló ń tọ̀: o rìn, ó rìn, o dúró, ó dúró.

Ẹ wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ẹ tẹ ìrísí kan, bí àpótí tàbí òbírí, ẹ lọ sí "Shape Format", ẹ ṣí "Shape Effects", kí ẹ mú "Shadow" tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ohun tó máa yọ kò bo nǹkan kan. Ó sún kúrò lẹ́yìn ìrísí náà ní pọ́íǹtì 3 (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà), ní igun dígírì 45, ó sì rí bàìbàì, torí wọ́n ti jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa hàn gba inú rẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fa ìrísí náà lọ sápá òsì, ó tẹ̀ lé e. Kí ló kù tó ń jẹ́ òjìji?

Ṣómólú ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kọ̀ǹpútà, láàárín àwọn atẹ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan ń ṣe síláìdì ìsìnkú ìyá àgbà kan, èmi náà kọ́kọ́ ní kó fi ibòji sí àpótí tí orúkọ màmá wà. Ó fa àpótí dúdú kan jáde, ó fi bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Kò ṣìṣe, ohun tí mo sọ ló ṣe. Nígbà tí mo pè é ní òjìji, ó wọ inú mẹ́nù náà lọ, ó mú èyí tó yẹ láìbi mí léèrè.

Ẹnìkan á ní òjìji náà ni ohun tí à ń rí nínú omi. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà wa pe dígí ní àwòjìji, ohun tí à ń wo òjìji ẹni nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé orí omi ní Makoko láti orí Third Mainland Bridge láàárọ̀, nígbà tí ọ̀sà bá pa rọ́rọ́: ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan dorí kodò lábẹ́ èkejì. Ohun tí "Reflection" ń ṣe gan-an nìyẹn, ó kàn máa ń ṣá bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni. Kí "Shadow" máa jẹ́ òjìji, kí "Reflection" máa jẹ́ òjìji inú omi. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ohun tí àwòrán ìpadà ń sọ. Àwòrán wo ló lọ tó ń padà bọ̀?

Ó kan "Soft Edges" tí wọ́n pè ní etí rírọ̀. Rírọ̀ jẹ́ ti ohun tí ọwọ́ bà: fùfú rọ̀, ìrọ̀rí rọ̀. Etí ìrísí kò ṣeé fọwọ́ bà. Ó ń yọ́ ni, bí òrí lójú oòrùn, tí ẹ ò ní mọ ibi tó parí sí. Ẹni tó mọ àdìrẹ oníko á rí i níbi tí okùn ti di aṣọ, aró a máa yọ́ wọ inú funfun díẹ̀díẹ̀. Etí yíyọ́ ni èmi fara mọ́. Bí ẹ bá mú pọ́íǹtì 50 fún àpótí kékeré, ó lè yọ́ tán pátápátá. "Bevel", èyí tó ń dá etí ìrísí gẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́nù kan náà, ni mo ṣì fẹ́ lọ bi kápẹ́ńtà àdúgbò wa, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ìfági dá etí tábìlì gẹ̀rẹ̀, wọn ò lè ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún un.

Ipa tí wọ́n fi pe "Shape Effects" ńkọ́? Ipa oògùn, ipa ọtí: ohun tí nǹkan ṣe sára nǹkan mìíràn. Àpótí tí mo fi òjìji sí, mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ọ̀ṣọ́ ìrísí.

Ó ku "Glow". Ìtànṣán máa ń nà jáde tààrà, bó ṣe ń gba ihò páànù wọlé. "Glow" kò nà síbì kankan. Ó yí ìrísí ká ni, pọ́íǹtì 5, 8, 11 tàbí 18, bí èrò ṣe ń yí oníjó ká. A ní agbo ijó, a ní agbo eré, ẹ jẹ́ ká ní agbo ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹni tó máa tẹ àtòkọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù pátá. Àgbo là ń mu, àgbò là ń pa, agbo tiwa yìí kò gba àmì kankan, torí ohùn àárín ni. Bí àwọn yòókù ò bá ní àmì, ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀ bóyá a gbàgbé ni.