Àdéhùn àjọgbé ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orúkọ Yorùbá là ń wá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní social contract. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún un, ìyẹn èrò àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí bíi Hobbes, Locke àti Rousseau pé ìjọba kò já bọ́ láti ọ̀run, pé àwọn èèyàn ló fẹnu kò kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀: májẹ̀mú àwùjọ, ìmùlẹ̀ ìlú, àti àdéhùn ìjọba pẹ̀lú ará ìlú. N kò gba ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ta ló bá ta ṣe àdéhùn? Ibẹ̀ ni orúkọ kẹta ti ṣubú. Nínú ìwé rẹ̀, Leviathan, tó jáde ní 1651, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní ní Lọ́ńdọ̀nù, Hobbes ní àwọn ará ìlú ló bá ara wọn ṣe é. Ọba kò sí lára wọn, kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó yẹ àdéhùn. Lójú Rousseau ní 1762, ìránṣẹ́ ni ìjọba, ìlú lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ti Locke ní 1689 pé ìpele méjì: àwọn èèyàn para pọ̀ di ìlú ná, wọ́n wá fi agbára sí ìkáwọ́ àwọn aṣòfin, bí a ṣe ń fi owó pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a fọkàn tán. Bó bá ná an nínàákúnàá, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpele kejì yìí kì í ṣe àdéhùn, àfisíkàáwọ́ ni.

Májẹ̀mú, Bíbélì ti gbà á tán. Ọlọ́run ló la májẹ̀mú sílẹ̀, ti Ábúráhámù ni kó gbà á. Bí a bá lò ó níbí, a ti dá aláṣẹ òkè padà síbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ti fẹ́ gbé e kúrò.

Ìmùlẹ̀ ló ṣòro fún mi láti fi sílẹ̀, nítorí ìyà ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ọ̀dàlẹ̀ ni, ilẹ̀ tó mu ni yóò sì dá a lẹ́jọ́. Hobbes ní àdéhùn tí kò ní idà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Locke náà kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ lórí ìfaradà ẹ̀sìn pé ìlérí àti ìbúra kò lè de ẹni tó bá ní Ọlọ́run kò sí. Ohun tí àwọn èèyàn gbà gbọ́ ló ń mú kí àdéhùn dúró, ìmùlẹ̀ sì sọ èyí ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá mu ún nìkan ló ń dè. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá àdéhùn àjọgbé. Gbogbo wa la mọ ìyàtọ̀ alájọbí sí alájọgbé, ìyàtọ̀ yẹn gan-an sì ni ìjà Locke pẹ̀lú ìwé Filmer, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó gbè sẹ́yìn àṣẹ ọba, tó jáde ní 1680. Filmer ní bàbá ni ọba jẹ́ fún ìlú, pé láti ọwọ́ Ádámù ni àṣẹ rẹ̀ ti wá: àjọbí nìyẹn. Locke kò gbà: àjọgbé ló sọ wá di ìlú. Ó tiẹ̀ ní ẹni tó bá wọ̀ sí ìlú kan fún ọ̀sẹ̀ kan péré, tàbí tó ń rin títì rẹ̀ kọjá, ti gbà láti pa òfin ibẹ̀ mọ́. Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ta kò ó ní 1748: ẹni tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ ojú omi lójú oorun, tí kò níbi tí yóò bọ́ sí àfi inú òkun, ṣé a lè ní ó gbà láti wà lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀? Orí ọ̀rọ̀ gbígbé náà ni àtakò yìí dúró lé.

Ẹnì kan lè sọ pé àjọgbé máa ń múni rántí ọkùnrin àti obìnrin tó ń gbé pọ̀ láìṣègbéyàwó. Òótọ́ ni. Bí a bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nínú àròkọ, ká pè é ní àdéhùn àjọgbé ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yé.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwé òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999. Abala 14(2) ní ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ìjọba ti gba agbára, pé ààbò àti ìgbáyégbádùn wọn sì ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Abala 6(6) kò sì jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹ̀sùn lórí rẹ̀. “Àwa” ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, bẹ́ẹ̀ àṣẹ ológun, Decree 24, ló gbé e jáde. Abala 69 wá fún wa lọ́nà láti pe aṣòfin padà: kí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí àjọ elétò ìdìbò sì ṣe ìbò láàárín 90 ọjọ́. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àdéhùn àjọgbé àti àfisíkàáwọ́, ó ṣeé sọ báyìí: ará ẹkùn náà gba àfisíkàáwọ́ wọn padà, àdéhùn àjọgbé kò yẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi “àdéhùn ìjọba pẹ̀lú ará ìlú” sọ gbólóhùn kan náà.