Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fóònù méjì àti laptop kan, kò sí èyí tí ó mọ ohun tí èkejì ń ṣe

Ìyá Oníkánópì, Òkè-Pósù, Ẹpẹ

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ kánópì, àga àti kúlà ni mò ń ṣe ní Ẹpẹ níbí, èmi àti ọmọkùnrin mi tí ó máa ń bá mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nígbà tí mo bá wà lóde. Fóònù méjì ni mò ń lò. Ọ̀kan jẹ́ Android onísíìmù méjì, òun sì ni gbogbo ìlú fi ń pè mí. Èkejì jẹ́ iPhone tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí mo fi ń ya àwòrán iṣẹ́. Laptop kan tún wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi ni ó ń lò ó.

Ní Sátidé tí ó kọjá, ojú tì mí. Ọmọ mi ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníyàwó kan ní Ìta-Ọ̀pọ́, ó sì ti kọ ọjọ́ náà sínú kàlẹ́ńdà orí laptop rẹ̀. Èmi kò rí i. Mo gba iṣẹ́ òkú àgbà kan ní Pópó-Ọba fún ọjọ́ kan náà, mo sì kọ tèmi sínú Android. Igba àga péré ni mo ní. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn méjèèjì pè mí, nígbà tí ọkọ̀ ti di ẹrù tán, tí awakọ̀ sì jókòó sídìí ọkọ̀ tí ó ń bi mí pé ibo ni kí òun kọjú sí. Mo lọ yá àga lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbogbo èrè ọjọ́ náà sì bá a lọ.

Ti orúkọ àti nọ́ńbà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tí ó kọjá, ojú fóònù tí mo ń lò nígbà náà fọ́, ẹni tí mo gbé e fún sì pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ kí ó tó dá a padà, láìsọ fún mi. Nígbà tí mo ki síìmù bọ inú fóònù tuntun, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó jáde, èyí tí ó jáde náà sì ti gé lẹ́nu. Mo rí “Iya Mulika ala”, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá aláṣọ ni àbí alásè. Lórí iPhone ẹ̀wẹ̀, orúkọ ẹnìkan náà ń hàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé bí mo bá fi orúkọ tàbí ọjọ́ kan sí ibì kan, kí ó hàn níbi yòókù, láìjẹ́ pé mo gbé páswọ́ọ̀dù ímeèlì mi fún ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣe é?

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Noforíjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá wa. Kí a tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn orúkọ náà ń gbé, nítorí pé ojú fóònù máa ń to gbogbo wọn sí ìlà kan bí ẹni pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n lè wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: orí síìmù, inú fóònù fúnra rẹ̀, tàbí inú àkáǹtì bíi ti Google. Síìmù kì í tọ́jú ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ, ó sì ní iye lẹ́tà tí ó lè gbà fún orúkọ kan. Òun ni ó gé Ìyá Mulika lẹ́nu. Èyí tí ó wà nínú fóònù ń bá fóònù náà kú ni. Èyí tí ó wà nínú àkáǹtì nìkan ni ó lè tẹ̀ lé yín dé orí gbogbo ẹ̀rọ yín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọ̀dọ̀ Google ni ojúlówó rẹ̀ wà, tí àwọn fóònù yín kàn ń gba ẹ̀dà.

Ẹ ṣí Contacts lórí Android, ẹ tẹ orúkọ kan, kí ẹ sì tẹ Edit. Ẹ óò rí i níbẹ̀ bóyá SIM ni wọ́n kọ, bóyá Device ni, tàbí àdírẹ́sì Gmail. Ẹ yẹ márùn-ún wò, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Ìyá Oníkánópì

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Méjì jẹ́ SIM, méjì jẹ́ Device. Ọ̀kan tí ó kù ní Gmail, ṣùgbọ́n Gmail náà kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Ẹni tí ó ta fóònù fún mi ni ó ṣí i lójú ẹsẹ̀ kí fóònù lè ṣiṣẹ́, kò sì sọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Noforíjà

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọjá kíkà. Ẹni tí ó ṣí àkáǹtì náà lè ṣì mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀, gbogbo orúkọ tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ sì wà lójú ẹni náà bí ó bá wù ú.

Ẹ má tíì yọ àkáǹtì ọ̀hún kúrò o. Bí ẹ bá yọ ọ́ báyìí, àwọn orúkọ inú rẹ̀ yóò kúrò lójú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Inú Contacts ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ wá Export, tí yóò kó àwọn orúkọ náà sínú fáìlì kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ .vcf. Ẹ rí i dájú pé ẹ kó ti SIM àti ti Device mọ́ ọn, kí ẹ sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì yín gan-an, èyí tí ẹ mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ímeèlì yìí wọ contacts.google.com lórí laptop, ẹ tẹ Import, ẹ sì yan fáìlì náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, tí ẹ sì ti fi ojú ara yín rí àwọn orúkọ tí ó ṣe pàtàkì, ìgbà náà ni ẹ lè yọ àkáǹtì àjèjì yẹn, kí ẹ fi tiyín sórí Android, kí ẹ sì lọ sí Settings inú Contacts láti sọ fún un pé inú àkáǹtì yín ni kí ó máa kó gbogbo orúkọ tuntun sí. Bí ẹ bá gbàgbé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, fóònù lè tún padà máa kó wọn sórí síìmù tàbí sínú ara rẹ̀, a ó sì tún pàdé níbí lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹlẹ́ja kan, Ọjà Olúwo

Ìwé kékeré ni èmi ń lò láti ọdún yìí wá, ìwé kì í béèrè dátà. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Oníkánópì

Mo ní ìwé náà, ẹ̀gbọ́n. Inú ọkọ̀ ni ó wà nígbà tí òjò bá wa láàárín ọ̀nà Itóìkín. Bíírò tí mo fi kọ ọ́ ti di aró.

Atúnfóònùṣe kan, Pópó-Ọba

Ẹ jẹ́ kí n mú ti iPhone. Orúkọ tí ó ń hàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn kì í ṣe àìsàn fóònù. iPhone kì í fi orúkọ tuntun pamọ́ sórí síìmù, kíkó ohun tí ó wà lórí síìmù wọlé nìkan ni ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọmọ yín bá ti tẹ Import SIM Contacts lẹ́ẹ̀kan, tí ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó rò pé ti àkọ́kọ́ kò wọlé, orúkọ ti di méjì nìyẹn. Bí iCloud, ibi ìpamọ́ ti Apple lórí ayélujára, bá sì tún gbé ti ẹ̀ wá, ó pé mẹ́ta. Ẹ fi àkáǹtì Google yín sínú rẹ̀, ẹ tan Contacts àti Calendars lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yàn án gẹ́gẹ́ bí Default Account, ìyẹn ibi tí orúkọ tuntun yóò máa bọ́ sí. Bí ohun tí ó wà ní iCloud bá ti wà ní ọ̀dọ̀ Google tán, ẹ lè wá pa Contacts ti iCloud.

Nǹkan kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ, tí ó sì máa ń jẹ́ kí oníbàárà rò pé mo parọ́ fún òun. iPhone kì í gba nǹkan láti ọ̀dọ̀ Google ní kété tí ẹ bá kọ ọ́; ó máa ń lọ bù ú wá láti ìgbà dé ìgbà ni. Ẹ wá Fetch New Data nínú Settings. Bí ó bá wà lórí Automatically, ìgbà tí fóònù bá wà lórí iná tí ó sì ń lo Wi-Fi nìkan ni yóò máa lọ bù ú wá láìjẹ́ pé ẹ ṣí i. Ilé mélòó ni ó ní Wi-Fi ní Òkè-Pósù? Ẹ yí i sí ìṣẹ́jú 15. Lórí Android, ẹ wò ó bóyá ẹ ti tan Battery Saver tàbí Data Saver, nítorí pé àwọn méjèèjì lè dá a dúró.

Ọmọ Ìta-Ọ̀pọ́

Áàpù kan wà tí ó ń ṣe gbogbo èyí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kàn gbà á sórí fóònù, ẹ gbà fún un kí ó ka nọ́ńbà yín, ó parí.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Noforíjà

Àbúrò, ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọn. Ohun tí Google àti Apple ti fi sínú fóònù láìgbowó tó fún iṣẹ́ yìí. Ṣé a ti gbàgbé àwọn áàpù ayánilówó tí wọ́n gba àyè láti ka nọ́ńbà ènìyàn, tí wọ́n sì wá ń fi ìránṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àna àti sí aláàdúgbò ẹni tí ó yá owó? Nọ́ńbà tí ó wà lọ́wọ́ Ìyá, nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ ni.

Alásè kan, Pápá, Ẹpẹ

Ẹ kú àmúmọ́ra, Ìyá. Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ni mo fẹ́ dá sí, nítorí pé irú ohun tí ó ṣe yín ti ṣe èmi náà rí, ìkòkò ni tèmi dípò àga. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín irú ímeèlì tí ó fi ń kọ kàlẹ́ńdà orí laptop. Bí ó bá jẹ́ Outlook ti Microsoft ni, pẹ̀lú ímeèlì ilé-ìwé rẹ̀, kò sí bí Google tiyín yóò ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí pé ilé ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ṣí calendar.google.com lórí kọ̀ǹpútà, mo dá kàlẹ́ńdà tuntun kan tí mo pè ní Àsè, ọ̀tọ̀ sí èyí tí mo fi ń kọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àti ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí ọsibítù. Mo wọ Settings rẹ̀, mo fi àdírẹ́sì Gmail ọmọ iṣẹ́ mi kún àwọn tí ó lè rí i, mo sì yan èyí tí yóò jẹ́ kí ó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó kàn máa jẹ́ kí ó wò ó. Ímeèlì kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Kò mọ páswọ́ọ̀dù mi, kò sì rí ọjọ́ ọsibítù mi. Lórí iPhone, bí kàlẹ́ńdà tí ẹnìkan pín fún yín kò bá hàn nínú Calendar ti Apple, ẹ lọ sí calendar.google.com/calendar/syncselect, kí ẹ fi àmì sí i. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ ìyẹn.

Ẹ sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá pa iṣẹ́ kan rẹ́ lórí laptop, ó ti kúrò lórí gbogbo fóònù. Ó lè wà nínú Trash fún 30 ọjọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rántí wò ó? Ìdí nìyí tí mo fi ń kó fáìlì orúkọ mi jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù sórí flash.

Ẹ má sì ṣe bíi tèmi pẹ̀lú Káyókáyó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì tẹ èyí tí ó ní kí ó máa padà wá lọ́dọọdún, bíi ọjọ́ ìbí. Ọdún tí ó ń wá lẹ́yìn Iléyá ni, òṣùpá ni ó ń tẹ̀ lé, nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ni ó sì fi ń tètè dé ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó. Kàlẹ́ńdà mi ní kí n má gba iṣẹ́ ní ọjọ́ tí kò sí ohunkóhun. Ẹ máa fi ọwọ́ kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá kéde ọjọ́.

Ọmọ Ẹpẹ, Lọ́ńdọ̀nù

Nítorí pé láti ọ̀dọ̀ wa níbí ni iPhone náà ti wá, ẹ wo Date & Time kí ẹ rí i dájú pé Lagos ni ó wà. Láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan ni wọ́n fi yàtọ̀, ẹ óò sì máa rò pé oníbàárà ni ó parọ́ aago. Ẹ tún fi +234 kọ àwọn nọ́ńbà yín dípò 0 àkọ́kọ́, kí ó lè ṣeé pè láti ibikíbi.

Ìyá Oníkánópì

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, nítorí iná. Ímeèlì ilé-ìwé ni ọmọ mi ń lò lóòótọ́. Fáìlì .vcf náà gbé 1,340 orúkọ wọ inú Gmail mi; nígbà tí mo tẹ Merge & fix tí mo sì ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 812 ni ó kù. Mo ti yọ àkáǹtì àjèjì yẹn. Kàlẹ́ńdà Kánópì ti wà, ọmọ mi sì ti wọlé. Mo kọ “ìdánwò” sí ọjọ́ Àìkú lórí Android, ó hàn lórí laptop kí n tó gbé orí sókè. iPhone fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí atúnfóònùṣe wa ti wí.

Mo tún pe “Iya Mulika ala” nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe aláṣọ, kì í sì í ṣe alásè. Alágbo ni. Ó ní gbèsè ìgò méjì ṣì wà lọ́rùn mi.