Ta ló ń darí bàálù tó ń fò ju 60,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ?

Ọmọ Alákíà
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yìn pápákọ̀ òfuurufú Alákíà níbí là ń gbé, kò sí bàálù tó máa balẹ̀ tá ò ní gbọ́. Àbúrò mi tó wà ní Poly ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ó ní bàálù kan wà tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, ó sì lè pé oṣù méjì lókè. Ó ní ó ga débi pé kò kan àwọn kọntírólà, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Èmi tí mo bá ti wọ bàálù, àdúrà nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ ọ́.

Bàbá Tawà
Kọntírólà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì sí Akóbọ̀, ẹ jẹ́ n dá sí i. Zephyr ti Airbus ni àbúrò rẹ ń sọ. Lọ́dún 2022, ó lo ọjọ́ 64 lókè láì balẹ̀. Apá ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 25, síbẹ̀ kò wúwo tó kìlógíráàmù 80.

Ibi tó ń lọ kọ́ ni wàhálà wà. Ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀ ni. Jẹ́ẹ̀tì tó ń kó èrò kì í sábà kọjá 41,000 ẹsẹ̀ bàtà, Zephyr sì gbọ́dọ̀ la àárín wọn kọjá ní lílọ àti bíbọ̀. Jẹ́ẹ̀tì á ti gun òkè tán kó o tó jẹun tán. Zephyr á máa fà lọ sókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, atẹ́gùn á sì máa tì í kiri. Mo lè ní kí jẹ́ẹ̀tì yà sọ́tùn-ún, á sì yà lójú ẹsẹ̀. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọlanke tó ń sọdá ẹkisipírẹ́ẹ̀sì? Àwọn tó kù là á ní kó yẹra. A ó ya apá kan òfuurufú sọ́tọ̀, a ó sì kéde ẹ̀ fún àwọn páílọ́ọ̀tì ṣáájú. Pápá ìdánwò àwọn ológun ní Yuma, Arizona, ní Amẹ́ríkà, ni Zephyr yẹn ti gbéra.

Kọ̀ǹpútà pàápàá, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2014, U-2, bàálù amí ti ológun Amẹ́ríkà, ń kọjá lókè réré ní California. Ẹ̀rọ àwọn kọntírólà ibẹ̀ ṣì í mú, ó rò pé ìsàlẹ̀ ló wà, ló bá ń ṣírò bí kò ṣe ní í kọlu bàálù yòókù títí tí mẹ́mọ́rì ẹ̀ fi kún, tó sì dákú. Wọ́n dá bàálù dúró ní Los Angeles. Bẹ́ẹ̀ níbi tí U-2 wà gan-an, kò sóhun tó fẹ́ kọ lù!

Ọmọ Alákíà
Ẹ ṣé, Bàbá. Ó tún ní bálúùnù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ní Kẹ́ńyà ńkọ́?

Bàbá Tawà
Loon nìyẹn, ọdún 2020. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó ń wà á síwájú. Á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, títí á fi rí atẹ́gùn tó ń lọ síbi tó fẹ́. Wọ́n pa á tì ní 2021. Tiwa níbí, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NAMA ló ń darí òfuurufú, láti Èkó àti Kánò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ẹ̀ gba orí Ìbàdàn lọ sókè, Èkó ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.